Òfin ò ní kí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ owó yín ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Amẹ́ríkà kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ní ìpín díẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan níbẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi ìwé ìpàdé gbogbogbòò ránṣẹ́ sí mi, n kì í sì í kà á. Lọ́dún yìí ọmọ mi ní kí n wo àbá karùn-ún. Onípìn-ín bíi tèmi kan ló mú un wá: ó ní kí ilé-iṣẹ́ máa tẹ ìròyìn jáde lórí iye tó ń ná sórí òṣèlú àti sórí lọ́bì, ìyẹn kí wọ́n rán ènìyàn lọ pàrọwà fún aṣòfin àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìgbìmọ̀ olùdarí ní ká dìbò "Rárá," pé gbogbo ohun tí òfin ní káwọn sọ làwọn ń sọ. Bí wọ́n bá ti ń ṣe ohun tí òfin wí, kí ló tún kù? Ṣé ẹ̀tọ́ mi tiẹ̀ ni láti máa bi wọ́n?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀: ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹni tó ní ìpín kan ṣoṣo nínú ilé-iṣẹ́ ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni ín. Owó tí àwọn olùdarí ń ná sórí òṣèlú kì í ṣe tinú àpò wọn, owó gbogbo yín ni.

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ sọ, pé àwọn ń sọ gbogbo ohun tí òfin ní káwọn sọ, òótọ́ ni, mo gbà á fún wọn. Mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn yẹn kì í yẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó tó bá ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ olóṣèlú tààrà, òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún tó wá gbé e dé ibi tó ń lọ, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí ilé-iṣẹ́ yín ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ọwọ́ kẹta yìí gan-an ni àbá karùn-ún ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin ń bi wọ́n ná. Láti 1907, nígbà tí wọ́n ṣe òfin Tillman, ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ mú owó nínú àpò ara rẹ̀ fún ẹni tó ń du ipò ìjọba àpapọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á dá àpò ọ̀tọ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PAC, àwọn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ á máa fi owó ara wọn sí i. PAC náà kò sì gbọdọ̀ fún olùdíje ju 5,000 dọ́là lọ fún ìbò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ àjọ FEC tó ń ṣọ́ owó ìbò, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìgbìmọ̀ bá ń sọ pé gbangba làwọn wà, PAC yìí ni wọ́n sábà máa ń fà yọ. N kò bá PAC jà. Òun ló mọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ òun ló kéré jù.

Lọ́bì náà ní òfin tirẹ̀ láti 1995. Àtúnṣe 2007 ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń jábọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Láti 2022, àròpọ̀ owó lọ́bì tí wọ́n ń jábọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ ti kọjá bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ́dún. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ ń jẹ́ LD-2. Ẹ bá mi ṣí ọ̀kan wò; ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì Ilé Aṣòfin Àgbà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni àròpọ̀ owó oṣù mẹ́ta, tí wọ́n ti dín kù tàbí fi kún títí tó fi bọ́ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lọ: ENG fún ọ̀rọ̀ agbára iná, TAX fún owó orí. Nọ́ńbà àwọn àbádòfin tẹ̀ lé e, ilé aṣòfin tàbí àjọ tí wọ́n yà sí, àti orúkọ àwọn tí wọ́n rán.

Ó dára. Àmọ́ aṣòfin wo gan-an ni wọ́n bá sọ̀rọ̀? Kò sí níbẹ̀. Ṣé wọ́n ní kó gbe àbádòfin náà ni àbí kó dà á nù? Ìyẹn náà kò sí níbẹ̀. Eélòó ló lọ sórí èyí, eélòó sórí tọ̀hún? Àròpọ̀ nìkan lẹ máa rí. Owó tí wọ́n bá fi ṣe ìpolówó lórí tẹlifíṣọ̀n kí aráàlú lè máa pe aṣòfin wọn lórí fóònù kò wọ inú ìṣirò yẹn rárá. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ lọ́bì kò bá gba ìdá kan nínú márùn-ún àkókò rẹ̀, wọn kì í fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo èyí sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ iná sì rèé, ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ni iye tó ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà ti ń di títò, kì í ṣe ní Washington.

Ní báyìí ẹ wá wo ọwọ́ kẹta náà. Ó pín sí ọ̀nà bíi mélòó kan, méjì ni mo fẹ́ fi hàn yín. Àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ oníṣòwò. Ilé-iṣẹ́ yín á máa san owó ẹgbẹ́ fún ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ iná, ó sì lè máa san fún U.S. Chamber of Commerce, tó ti pẹ́ lára àwọn tó ń ná jù sórí lọ́bì ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ yìí á fi owó náà pàrọwà ní orúkọ ara rẹ̀. Tí ẹ bá wo ìròyìn rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ lẹ máa rí. Iye tí ilé-iṣẹ́ yín dá sí i kò sí níbẹ̀. Ìkejì ni àwọn ẹgbẹ́ tí òfin owó orí kà sí ẹgbẹ́ ire àwùjọ, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ìlà òfin náà pè ní 501(c)(4). Wọ́n lè gba owó láìní iye, wọ́n lè ná púpọ̀ nínú rẹ̀ sórí ìbò, kò sì pọn dandan kí wọ́n sọ fún aráàlú ẹni tó fún wọn. Owó òkùnkùn ni àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà ń pè é.

Àwọn olùdarí máa ń sọ pé ó nira láti mọ ohun tí ẹgbẹ́ oníṣòwò fi owó wọn ṣe. Ibí yìí ni mo ti ń bínú díẹ̀, nítorí iṣẹ́ aṣírò owó ni mo ṣe kí n tó máa kọ̀wé, mo sì mọ ohun tó wà nínú fáìlì. Láti 1993 ni òfin owó orí ti sọ pé ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó lọ́bì kúrò nínú èrè tó máa san owó orí lé lórí. Nítorí náà, àyàfi bí ẹgbẹ́ oníṣòwò bá gbà láti san owó orí ọ̀hún fúnra rẹ̀, dandan ni kó sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹgbẹ́ tí o san ti lọ sórí lọ́bì àti òṣèlú, má yọ ọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni, ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ìwé owó ẹgbẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà tíńtínní. Akọ̀wé owó ti rí i, ó ti fi ṣe ìṣirò owó orí, ó ti tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n da ìlà yẹn kọ sórí ìkànnì wọn kò ní gbà wọ́n ní ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá ní ó nira, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe owó orí ọdún tó kọjá.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé ọ̀daràn ni ẹni tó bá ń ṣe lọ́bì. Ìwé òfin Amẹ́ríkà fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti bẹ ìjọba. Ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì náà ń ṣe é. Ó dá mi lójú pé ẹ jẹ nínú èrè rẹ̀ nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé kí wọ́n máa fi owó ẹni sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹni.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ ilé-iṣẹ́ iná ni tiyín, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ Ohio fún yín. Ní ìpínlẹ̀ yẹn, Larry Householder fẹ́ di olórí ilé aṣòfin. Ẹgbẹ́ 501(c)(4) kan wà tó ń jẹ́ Generation Now, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdarí ẹgbẹ́ náà wà. Nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù dọ́là ló wọ àpò náà láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ iná FirstEnergy àtàwọn tó so mọ́ ọn. Wọ́n fi lára owó yẹn gbé àwọn olùdíje dìde tó máa dìbò fún un, ó sì di olórí ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Ní oṣù keje ọdún yẹn, àbádòfin House Bill 6 di òfin: oníbàárà iná ní Ohio ni yóò máa san owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ láti gbé ilé-iṣẹ́ iná núkílíà méjì ró. Nígbà tí àwọn aráàlú ń kó ìbuwọ́lùwé jọ kí wọ́n lè fi ìbò fagi lé òfin náà, owó láti inú àpò kan náà ló tún bá wọn jà.

Ní oṣù keje 2020 ni FBI mú Householder. Iye ìpín FirstEnergy já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní 2021 ilé-iṣẹ́ náà gba ẹ̀bi rẹ̀ nínú àdéhùn pẹ̀lú ìjọba, ó sì san 230 mílíọ̀nù dọ́là owó ìtanràn. Ní oṣù kẹfà 2023, adájọ́ rán Householder lọ sẹ́wọ̀n ogún ọdún.

Ẹ bá mi fi ojú onípìn-ín wò ó. Owó wọn ni wọ́n fi san rìbá, owó wọn náà ni wọ́n fi san ìtanràn, ìpín wọn ló tún já wálẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí owó yẹn ń lọ, kò sí òfin tó ní kí Generation Now dárúkọ ẹni tó ń fún un, kò sì sí èyí tó ní kí FirstEnergy sọ fún onípìn-ín pé òun ń fún un. Ẹ lè ní ẹni tó fẹ́ san rìbá kò ní kọ ọ́ sínú ìròyìn. Òótọ́ ni. Àmọ́ irú àbá tó wà níwájú yín yìí sábà máa ń bèèrè ohun méjì: kí owó hàn, kí ìgbìmọ̀ olùdarí fúnra rẹ̀ sì sọ ẹni tó ń fọwọ́ sí i àti ìdí tó fi fọwọ́ sí i. Ìkejì yìí ló ń dí ihò. Ọ̀gá tó mọ̀ pé òun máa ṣàlàyé ọ̀wọ́ọ̀wọ́ mílíọ̀nù dọ́là tí òun fún ẹgbẹ́ kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ níwájú olùdarí mẹ́wàá, á rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló dé tí ìjọba ò fi sọ ọ́ di dandan? Ẹ ti lè gbọ́ nípa ẹjọ́ Citizens United ti 2010, níbi tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti pinnu, márùn-ún sí mẹ́rin, pé ilé-iṣẹ́ lè ná iye tó bá wù ú láti ti olùdíje lẹ́yìn, níwọ̀n bí kò bá ti fi owó náà lé olùdíje lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé ni pé nínú ìdájọ́ yẹn kan náà, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án fọwọ́ sí i pé kí owó náà máa hàn. Adájọ́ Anthony Kennedy tó kọ ọ́ sọ pé ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì yìí, onípìn-ín á lè tètè rí ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ná, á sì lè bi àwọn olùdarí bóyá òṣèlú wọn bá ire ilé-iṣẹ́ mu. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ohun tí kò tíì sí. Ní 2011, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin mẹ́wàá kọ̀wé sí àjọ SEC, tó ń ṣàmójútó ọjà ìpín ìdókòwò, pé kó sọ ọ́ di òfin. Àwọn ará ìlú tó kọ̀wé sí àjọ náà lórí rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní ìparí 2015, ilé aṣòfin àpapọ̀ méjèèjì ki gbólóhùn kan bọ inú ìwé ìnáwó ìjọba pé SEC kò gbọdọ̀ ná kọ́bọ̀ láti parí irú òfin bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń tún un kì bọ̀ ọ́ láti ìgbà náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀yin onípìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí, ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú àbá àti ìbò.

Àríyànjiyàn kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ní 1958, ìpínlẹ̀ Alabama fẹ́ fi túláàsì gba orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ̀, nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde nígbà yẹn lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lè ṣe é léṣe. Ìdájọ́ yẹn gba ẹ̀mí là, mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi ìdájọ́ yẹn gbèjà ara wọn lónìí, pé bí orúkọ àwọn bá jáde, àwọn èèyàn á máa lé àwọn kiri. Èmi ò gbà pé ọ̀kan náà ni. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń ra ìpín rẹ̀ lọ́jà kì í ṣe opó tí wọ́n lè sun ilé rẹ̀. Àti pé níhìn-ín, ìjọba kọ́ ló ń bèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ni owó lẹ̀ ń bèèrè ibi tó lọ.

Ní báyìí, ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣí ojú ewé tí ìgbìmọ̀ ti kọ èsì sí àbá náà, kí ẹ kà á pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti sọ PAC àti LD-2, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀: ìyẹn òfin ni, kì í ṣe oore. Ẹ wá ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ oníṣòwò. Ṣé wọ́n dárúkọ wọn? Ṣé wọ́n sọ iye tó lọ sórí lọ́bì nínú owó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àbí wọ́n kàn sọ pé "àwa kì í fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ wa bá ṣe"? Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló ń ká mi lára jù, nítorí bí ẹ kò bá fara mọ́ ọn, ẹ sọ èyí tí ẹ kò fara mọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ 501(c)(4) pẹ̀lú. Bí wọn ò bá mẹ́nu kàn án rárá, ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ilé-iṣẹ́ yín ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìkànnì, ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú iye. Irú wọn wà, wọn ò sì kéré. Láti 2011 ni Center for Political Accountability àti ẹ̀ka kan ní ilé-ẹ̀kọ́ Wharton ti ń fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní máàkì lórí èyí lọ́dọọdún, ẹ lè wá orúkọ tiyín níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé owó ìbò ni máàkì yẹn ń wò ní pàtàkì, kì í ṣe lọ́bì. Bí tiyín bá wà lára àwọn tó ń ṣe dáadáa ní ti méjèèjì, "Rárá" yín kò ní jẹ́ àṣìṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, "Bẹ́ẹ̀ ni" ni èmi ì bá dì.

Àbá yìí kò ní fi okùn sí wọn lọ́rùn o: ìmọ̀ràn ni, kódà bó bá borí, ìgbìmọ̀ lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni kì í rí ìdajì ìbò. Síbẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn onípìn-ín bá sọ pé àwọn fẹ́ mọ̀, ìgbìmọ̀ á rí i, mo sì ti rí ilé-iṣẹ́ tó pe ẹni tó mú àbá wá lẹ́yìn ìpàdé pé kí wọ́n jókòó sọ ọ́. Bí ti ọdún yìí ò bá bọ́ sí i, ẹ̀yin náà lè mú àbá wá. Lábẹ́ ìlànà SEC ti 2020, ẹni tó bá ti di ìpín tó tó 2,000 dọ́là mú fún ọdún mẹ́ta láìtà á lè ṣe é, ọ̀rọ̀ 500 péré ni wọ́n sì fún un.

Bí ẹ bá tún ní owó ìfẹ̀yìntì nínú àpò ìdókòwò alájọní (mutual fund), alákòóso àpò náà ló sábà máa ń dìbò níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ó ṣe dìbò wà nínú fọ́ọ̀mù N-PX tó ń jáde ní òpin oṣù kẹjọ ọdọọdún. Ẹ wò ó, kí ẹ sì kọ̀wé sí wọn bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn.

Fún ìpín tó wà ní orúkọ yín, ẹ wá nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́rìndínlógún tó wà lára ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, òun lẹ máa tẹ̀ sórí ìkànnì ìdìbò. Wọ́n sábà máa ń ti ìbò orí íntánẹ́ẹ̀tì pa ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, nítorí náà ẹ má dúró di ọjọ́ náà. Bí ẹ bá dákẹ́, brókà yín, ìyẹn ẹni tó ń bá yín tọ́jú ìpín, kò lè dìbò bá yín lórí irú àbá yìí. Àmọ́ bó bá jẹ́ káàdì ni wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ má kàn fọwọ́ sí i lásán kí ẹ dá a padà láìfi àmì sí àbá karùn-ún. Káàdì tó bá ní ìbuwọ́lùwé tí kò ní àmì, bí ìgbìmọ̀ bá ṣe fẹ́ ni wọ́n máa kà á, ó sì máa wà nínú ìwé pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má sọ fún yín.